Kọ́kọ́rọ́ Ojú Ewé Kọkàndínlógún

Lẹ́tà mẹ́tàdínlógójì ló ti dé, ọ̀rọ̀ kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ. Àwọn ọmọdé ló kọ wọ́n, àwọn kan fi pẹ́ńsù kọ tiwọn, àwọn mìíràn fi bírò tó ti da inki sí gbogbo ara ìwé. Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Àdììtú. A ti wá kọ́kọ́rọ́ ojú ewé kọkàndínlógún títí, a ò rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ló wà? Ọmọ kan tiẹ̀ ní òun ti bá ẹ̀gbọ́n òun jà nítorí ẹ̀, pé kí Ìyá Àdììtú tètè fèsì kí àlàáfíà lè padà sílé àwọn.

Ìyá Àdììtú ka àwọn lẹ́tà yìí nídìí tábìlì tó ti ń kọ̀wé láti ọdún mọ́kànlélógún, ó tò wọ́n sínú dúrọ́ọ̀, kò sì fèsì ẹyọ kan. Kí ni ìbá sọ? Òun náà kò rí kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún. Ẹni kan ṣoṣo tó lè sọ ibi tó wà ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ya àwòrán inú ìwé náà, ó sì ti di oṣù mẹ́jọ báyìí tí wọ́n ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Nínú gbogbo ẹbí, àbúrò yìí nìkan ló kù fún un láyé. Ó fẹ́ kó padà wálé. Ojoojúmọ́ ló ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, ojoojúmọ́ náà sì ni ìgbéraga ń dí i lẹ́nu. Olóòtú ilé ìtẹ̀wé ti ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó gba ayàwòrán tuntun fún ìwé tó kàn, Ìyá Àdììtú sì ń sọ fún un pé òun ń rò ó. Kò ro nǹkan kan. Àbúrò rẹ̀ ló ń retí.

Kí a má parọ́, obìnrin náà kì í ṣe ẹni yẹpẹrẹ. Ọdún mẹ́tàdínlógún ló fi ṣe atẹ̀wé ní ilé ẹjọ́, tó ń tẹ ẹjọ́ olè, ẹjọ́ ilẹ̀, àti ẹjọ́ tọkọtaya tí wọ́n ń fa ìkòkò gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá jáde lọ jẹun ọ̀sán, yóò fa bébà tó ti bàjẹ́ yọ lábẹ́ tábìlì, yóò yí ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, yóò sì máa tẹ ìtàn tirẹ̀. Báyìí ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe wáyé, ìtàn nọ́ọ̀sì arúgbó kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó máa ń wo bàtà ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí yóò sì mọ ibi tí ẹni náà ti ń bọ̀. Ilé ìtẹ̀wé mẹ́ta ló dá a padà. Ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ta ló fẹ́ ka ìwé tí arúgbó ti ń mú apànìyàn. Ilé ìtẹ̀wé kẹrin gbà á. Lẹ́yìn ọdún méjì, àwọn òǹkàwé kò jẹ́ kí arúgbó náà sinmi mọ́. Ìwé mẹ́sàn-án ló fi mú ọ̀daràn, kò sì sí èyí tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Olóòtú, ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ lè yọ obì lápò ahun, ló sọ òǹkọ̀wé rẹ̀ ní Ìyá Àdììtú, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára.

Lẹ́yìn náà ni ọkọ rẹ̀ kú. Ọmọ kò sí láàárín wọn. Odidi ọdún kan ni kò fi lè kọ nǹkan kan, nítorí bó bá ti jókòó pé kí òun pa ènìyàn nínú ìtàn báyìí, òkú ọkọ rẹ̀ ni yóò máa rí. Àbúrò rẹ̀ ló yọ ọ́ nínú ẹ̀. Jẹ́jẹ́ ni ìyá wọn máa ń pe ọkùnrin yìí láti kékeré, torí kò sí ohun tó ń kán an lójú. Bí ilé bá ń jó, Jẹ́jẹ́ á kọ́kọ́ wá bàtà rẹ̀ méjèèjì. Yàrá ẹ̀yìn nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé, ibẹ̀ ló sì ti ń ya àwòrán fún àwọn oníwèé-ìròyìn. Lọ́jọ́ kan ó ya ọmọbìnrin kékeré kan tó gbé àpò ilé-ìwé tó tóbi ju òun alára lọ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ife tíì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ìyá Àdììtú wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú nìyẹn. Kí ọjọ́ kejì tó lọ, ó ti kọ ìtàn bí ọmọ tí wọ́n ń pè ní Alápò ṣe wá ẹni tó ń jẹ ṣọ́ọ̀kì tíṣà.

Nínú ìwé yẹn, Jẹ́jẹ́ ya kọ́kọ́rọ́ kékeré kan sáàárín ewé igi, láìnídìí, ọwọ́ ló ń yún un. Ọmọ kan kọ̀wé béèrè pé ilẹ̀kùn wo ni kọ́kọ́rọ́ ọ̀hún ń ṣí. Láti ìgbà náà, kò sí àwòrán kan nínú ìwé Alápò tí kò ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, àwọn ọmọdé a sì máa wá a kiri bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ tó sọnù. Jẹ́jẹ́ máa ń parí gbogbo iṣẹ́ kó tó ya kọ́kọ́rọ́. Kì í sọ ibi tó fi sí fún ẹnikẹ́ni, títí kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bó bá parí ojú ewé kan, yóò gbé e wá síwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yóò dúró tì í pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́, yóò máa gbádùn bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń wá a.

“Mo ti rí i.”

“Irọ́ ni. Ẹ fi ọwọ́ kàn án.”

Àfi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fi ìka kàn án kí Jẹ́jẹ́ tó gbà, kó sì kó bébà náà sínú fáìlì. Ojú ewé tí Ìyá Àdììtú kò bá tíì rí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ dé ilé ìtẹ̀wé. Òfin ilé nìyẹn, ọdún mẹ́tàlá ni wọ́n sì fi pa á mọ́, ìwé kan lọ́dún.

Nígbà tí wọ́n dé orí ìwé kọkànlá, kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tóbi. Ìyá Àdììtú ń rí i kó tó gbé gíláàsì sójú.

“Kọ́kọ́rọ́ rẹ ti ń tóbi jù o, Jẹ́jẹ́. Àwọn tó ń ka ìwé yìí kì í ṣe ọmọ ọwọ́.”

“Ẹ ṣáà ti rí i,” ni Jẹ́jẹ́ wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Nínú ìwé kejìlá, ẹ̀gbẹ́ àwòrán ṣófo. Àárín bébà ni gbogbo ènìyàn kóra jọ sí, bíi pé òjò lé wọn wọ abẹ́ òrùlé kan ṣoṣo. Olóòtú ní àrà tuntun ni. Ìwé-ìròyìn kan yin Jẹ́jẹ́ pé ó ti mọ bí a ṣe ń fi àyè sílẹ̀ nínú àwòrán, Ìyá Àdììtú sì gé ìyìn náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Nígbà tí wọ́n ń ṣe ìkẹtàlá, Jẹ́jẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn. Yóò gbé ife tíì sí etí tábìlì, ife yóò já bọ́. Èyí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fura sí. Ó rò pé ọtí ni. Obìnrin tó ti mú ọ̀daràn nínú ìwé mẹ́sàn-án wá ń yọ́ wọ yàrá ẹ̀yìn lọ gbóòórùn ife àbúrò rẹ̀ nígbà tí kò sí nílé. Tíì lásán ló ń bá níbẹ̀. Imú ló fi ṣe ìwádìí, ó gbàgbé pé Ọlọ́run fún òun lójú.

Ìwé kẹrìnlá ló dá ìjà sílẹ̀. Ojú ewé kọkàndínlógún fi Alápò hàn lórí àtẹ̀gùn ilé-ìwé nínú òjò, tíṣà rẹ̀ sì na agbòòrùn funfun ńlá kan bò ó. Àwòrán náà dára, ṣùgbọ́n kò ní kọ́kọ́rọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni Ìyá Àdììtú fi wá a, ó wò ó lóòró, ó wò ó níbùú, ó yá awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lọ́wọ́ ẹni tó ń tún aago ṣe. Kò rí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kẹrin, olóòtú pe tẹ̀gbọ́n-tàbúrò wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń dúró dè wọ́n.

“Kọ́kọ́rọ́ dà?” Ìyá Àdììtú bi àbúrò rẹ̀ níwájú olóòtú.

“Ó wà níbẹ̀, Àǹtí. Ẹ wò ó dáadáa.”

“Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń wò ó. Ó yá, ìwọ náà fi ọwọ́ kàn án.”

Jẹ́jẹ́ sún mọ́ tábìlì. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra bébà náà láti etí dé àárín, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà ó fi ìka kan lé àárín agbòòrùn náà. “Òun nìyí.”

Ìyá Àdììtú bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó wò ó. Funfun lásán ni. Olóòtú náà wò ó, kò rí nǹkan kan, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kò yé. Ẹ̀rín yẹn ló ba gbogbo nǹkan jẹ́, torí Ìyá Àdììtú rò pé àwọn méjèèjì ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ó mọ òwe yìí, ó ti lò ó nínú ìwé méjì, ṣùgbọ́n inú tó ń bí i lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kó rántí.

“O ń fi mí ṣẹ̀sín lójú ẹlòmíràn? Láti ọjọ́ tí màmá ti kú ni mo ti ń gbé ọ pọ̀n, Jẹ́jẹ́. O ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Ẹ̀yìn ń ro mí. Sọ̀ kalẹ̀.”

Jẹ́jẹ́ kẹ̀yìn sí wọn. Ó wá ẹnu ọ̀nà, èjìká rẹ̀ gbá férémù, ó jáde. Kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó dé ilé, yàrá ẹ̀yìn ti ṣófo. Káfíńtà kan tó ń ṣe férémù àwòrán, ọ̀rẹ́ Jẹ́jẹ́ láti ilé-ìwé, ti wá bá a kó ẹrù. Wọ́n tẹ ìwé náà bẹ́ẹ̀ láìní kọ́kọ́rọ́, olóòtú ní àwọn ọmọ kò ní fura. Olóòtú kò mọ ọmọdé.

Aránṣọ ni ìyá àwọn méjèèjì. Nígbà tí ikú dé sí i, ẹni ogún ọdún ni Ìyá Àdììtú, Jẹ́jẹ́ sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ìyá náà di ọwọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ mú, ó ní, “Àbúrò rẹ nìyí o. Má gbójú kúrò lára ẹ̀.” Láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ yìí ló ń jí Ìyá Àdììtú láràárọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni lẹ́tà kejìdínlógójì dé.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Àdììtú. Èmi àti bàbá mi àgbà la jọ máa ń ka ìwé yín. Bàbá mi àgbà ò ríran mọ́, èmi ni mo máa ń sọ fún wọn bí àwòrán ṣe rí. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mi ò rí kọ́kọ́rọ́ ojú ewé kọkàndínlógún, wọ́n ní kí n kó gbogbo ìwé Alápò wá. Wọ́n bi mí pé ṣé kọ́kọ́rọ́ ń tóbi sí i, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n bi mí pé ṣé ẹ̀gbẹ́ àwòrán ń ṣófo, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Sáìnbọ́ọ̀dù ni wọ́n ń kọ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ sí àárín pátákó nìyẹn kí ojú àwọn tó fọ́. Wọ́n ní kí n bi yín pé, ẹni tó ń bá yín ya àwòrán, ṣé ó ṣì ń ríran?”

Ọmọ náà wá fi kún un pé òun jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, pé èyí tí ajá wà nínú ẹ̀ lòun fẹ́ràn jù.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìyá Àdììtú ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀kan, kò lè kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó kó ojúlówó àwòrán ọdún mẹ́rìnlá jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó tẹ́ wọn sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ láti ẹnu ọ̀nà pálọ̀ dé kíṣìnnì, ó bọ́ bàtà, ó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ewúrẹ́ wà létí bébà, ojú fèrèsé wà níbẹ̀, ìkùukùu kún òkè fọ́fọ́. Bó ṣe ń lọ síwájú ni funfun ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, títí gbogbo ayé Alápò fi ku ihò róbótó kan láàárín bébà. Ohun tí àbúrò rẹ̀ ń rí ló yà, ohun tí kò rí ló fi sílẹ̀. Ìyá Àdììtú sì ti gba àwọn àwòrán wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti fi ìka kàn wọ́n, ó ní wọ́n dára. Ó jókòó sílẹ̀ láàárín wọn, ó ké bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún.

Ó mú ojú ewé kọkàndínlógún sínú fáìlì, ó há a mọ́ abíyá, ó gba ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà lọ. Ẹ̀yìn ilé àwọn tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, èérún pákó kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Káfíńtà rí i, ó gbé ayùn sílẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Mo ti fẹ́ wá sọ fún yín tipẹ́. Ó ní bí mo bá dán an wò, òun á kúrò lọ́dọ̀ mi.”

Lórí bẹ́ǹṣì ní igun ṣọ́ọ̀bù ni Jẹ́jẹ́ jókòó sí, ó ń fi bébà oníyanrìn ha férémù. Ìka rẹ̀ ń lọ síwájú, bébà náà ń tẹ̀ lé e. Kò gbójú sókè.

“Àǹtí,” ló wí kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un.

“Báwo lo ṣe mọ̀ pé èmi ni?”

“Bàtà yín. Ẹsẹ̀ òsì yín máa ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀. Nọ́ọ̀sì yín ìbá ti mọ̀.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba férémù lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ọwọ́ náà mú. Ọwọ́ tí inki kì í kúrò lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti mọ́ tónítóní. Èyí ló dùn ún jù.

“Jẹ́jẹ́, kí ló dé tó ò sọ fún mi?”

“Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ, ẹ ó ní kí n gbé kálámù sílẹ̀, kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe? Mo sì rò pé ẹ máa rí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń rí gbogbo nǹkan. Gbogbo ojú ewé tẹ́ ẹ bá ti gbà lọ́wọ́ mi, mo máa ń sọ fún ara mi pé, ó dáa, ojú yìí ò tíì burú débi tí èèyàn ń lọ bá dókítà. Bó bá burú tán, Àǹtí á sọ.”

Ojú olójú kò jọ ojú ẹni. Ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni Jẹ́jẹ́ ń yá lò láti ọdún mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n náà kò sì mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń yá a. Ó kàn ń pè é ní Jẹ́jẹ́, Jẹ́jẹ́, bí ìyá wọn ṣe máa ń pè é bí ibà bá mú un.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà náà, obìnrin kékeré kan tí ohùn rẹ̀ tutù, tan iná sí ojú Jẹ́jẹ́ ọ̀tún, ó tàn án sí ti òsì, ó pẹ́ níbẹ̀. Ó ní ti ọ̀tún ti lọ pátá. Ó ní bí ilẹ̀ bá mọ́, ti òsì á mọ̀ pé ó mọ́, kò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

“Àìsàn yìí kì í dunni,” ló wí. “Ìdí nìyẹn tó fi máa ń jí ojú gbé wẹ́rẹ́. Èyí tó bá ti gbé lọ, kì í dá a padà. Ká ní wọ́n wá ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni, oògùn tí à ń kán sójú la bá fi dá a dúró.”

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìwé kọkànlá. Kọ́kọ́rọ́ rẹ ti ń tóbi jù o, Jẹ́jẹ́. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ti Ìyá Àdììtú sì jókòó tì í nínú yàrá dókítà náà, kò sì ní dìde níbẹ̀ mọ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi níwájú ilé ìwòsàn, bí àwọn ọmọ méjì tó ń dúró de ìyá wọn.

“Ìwé kẹẹ̀ẹ́dógún ńkọ́?” Jẹ́jẹ́ béèrè.

“Kò sí kẹẹ̀ẹ́dógún.”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ayàwòrán mìíràn.”

“Kí n wá kọ́kọ́rọ́ ta ni nínú ẹ̀?”

Jẹ́jẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ní, “Fáìlì lẹ há mọ́ abíyá láti àárọ̀. Mo ń gbọ́ ìró ẹ̀. Ṣé ojú ewé yẹn ni?”

Ìyá Àdììtú fa bébà náà yọ, ó tẹ́ ẹ sórí itan àbúrò rẹ̀.

“Ìgò méjì ló máa ń wà lórí tábìlì mi,” ni Jẹ́jẹ́ wí. “Inki wà nínú ọ̀kan, omi tí mo fi ń fọ kálámù wà nínú èkejì. Lọ́jọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ Káfíńtà, tí mo ń tú ẹrù, ni mo fi ọwọ́ kan ìgò méjèèjì, mo wá mọ ohun tí mo ṣe. Omi ni mo fi yà á, Àǹtí. Nígbà yẹn ìka mi ni mo fi ń tẹ̀ lé kálámù, ìka mi sì sọ fún mi pé kọ́kọ́rọ́ wà níbẹ̀. Mi ò purọ́ fún yín.”

Ó wá ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rí i. Ó ya ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ sọ́tọ̀, ó gbé e sí àárín agbòòrùn funfun tí òun fi ìka lé lọ́jọ́ ìjà, ó sì ń tì í lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá Àdììtú pa ojú dé. Ẹnu kálámù irin ti ha bébà náà, ó sì jinlẹ̀ díẹ̀ sínú rẹ̀. Ìka rẹ̀ bá òrùka kékeré kan pàdé, ó bá ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó dé ìsàlẹ̀, ó ka eyín mẹ́ta. Kò tóbi rárá. Ó kéré bíi ti ìwé àkọ́kọ́.

“Ṣé ẹ ti rí i?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó tún mì í.

“Àǹtí, tó bá jẹ́ pé orí lẹ ń mì, mi ò rí i o.”

“Mo ti rí i,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí.

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń bá ara wọn ṣiṣẹ́, Jẹ́jẹ́ kò sọ pé irọ́ ni.